Àdúrà Yàrá Ìfọṣọ

"Fi ìwé àkọsílẹ̀ rẹ yẹn sílẹ̀ nílé lọ́la o," ni Alága wí. Ó jókòó lórí àpótí tí màmá mi ń kó àjákù aṣọ sí, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan bí ẹni tó fẹ́ wọkọ̀. "Ohun tí àwọn olùwádìí bá bi ọ́ nìkan ni kí o fèsì sí. A bẹ̀rẹ̀ àdúrà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àbúrò rẹ lajú láàárọ̀ Ọjọ́rú. Ó tán."

"Ṣùgbọ́n mà, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó ti..."

"Ó ti kí ni? Ó ti mi ìka? Ṣé ọmọ tó ń sùn kì í mi ìka ni?"

Mo wo màmá mi. Kò gbórí sókè lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kékeré kan tó ti fi okùn so kọ́ ọrùn láti ọdún méjì ń fì lókè aṣọ tó ń rán. N kì í fẹ́ wo kọ́kọ́rọ́ náà rárá. Lábẹ́ tábìlì, àbúrò mi obìnrin ń ṣa bọ́tìnnì tó já sílẹ̀, ó ń sọ wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bá wọn wí pé wọ́n ń rìn kiri láìgbàṣẹ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ẹnu-ò-sinmi ni gbogbo ilé ń pè é, orúkọ náà kò sì nílò àlàyé.

Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni Alága. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì ni, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Òun ló ń darí ìgbìmọ̀ tó ń kó ẹ̀rí jọ kí Ìjọ Àgùdà lè ka Sista Alùpùpù mọ́ àwọn ẹni mímọ́. Sista Alùpùpù ti kú kí wọ́n tó bí Ẹnu-ò-sinmi. Nọ́ọ̀sì ni nígbà ayé rẹ̀. Orí alùpùpù ló fi ń bẹ àwọn aláìsàn wò, nínú òjò àti nínú eruku, òun náà ló sì dá ilé ìkọ́ṣẹ́ tí màmá mi ti kọ́ ìránṣọ sílẹ̀. Ó tọ́ Alága dàgbà nígbà tí kò ní ìyá. Káàdì kékeré tí àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀ wà nínú Bíbélì màmá mi: akoto wà lórí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá mọ́ ọlọ́pàá lọ́wọ́.

"Ọmọ mi," Alága rẹ ohùn sílẹ̀, "mo ti darúgbó. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kí n fojú rí kí n tó lọ. Má fi ìka ọmọdé gbà á lọ́wọ́ mi."

"Mo ti gbọ́, mà," ni mo dáhùn. Ẹni tó ní òun ti gbọ́ kò tíì ní òun gbà.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn ọdún méjì.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni. Màmá mi gbé aṣọ lọ fún oníbàárà, ó ní kí n máa wo àbúrò mi. Òfin kan ṣoṣo ló wà nílé wa: ọmọdé kò gbọdọ̀ gun òkè òrùlé níbi tí a ń sá aṣọ sí, nítorí àtẹ̀gùn ibẹ̀ kò ní ibi ìdìmú. Ilẹ̀kùn kan wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn náà, títì ló máa ń wà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì máa ń wà lára ìṣó níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi jọ ń wo fíìmù lórí fóònù, a sì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wa. Ẹnu-ò-sinmi kò jẹ́ kí n gbádùn. Kí ló dé tí ẹyẹlé kì í jábọ́ bó bá sùn? Ṣé ẹyẹlé ní màmá àgbà? Ta ló ń gé èékánná wọn? Mo pa á lẹ́nu mọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹrin, mo dìde, mo já kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó, mo tì í sí i lọ́wọ́.

"Gbà! Lọ bi àwọn ẹyẹlé fúnra wọn. Ṣáà jẹ́ kí n rí ìdákẹ́jẹ́ẹ́."

Mo rí i. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ dé, ó pọ̀ ju èyí tí mo tọrọ lọ. Nígbà tí fíìmù parí tí mo pè é tí kò dáhùn, mo bá a lórí símẹ́ńtì nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

Nígbà tí màmá mi sáré dé, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lójú ilẹ̀kùn. "Ta ló ṣí i?" ló bi mí.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kò ṣeé kó. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a, mà. Ó ti wà ní ṣíṣí."

Òun ló gun òkè lọ sá aṣọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gbé ọwọ́ lérí. "Yéè! Èmi ni. Èmi ni mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀." Mo gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ náà ni kọ́kọ́rọ́ ti kúrò lára ìṣó, tó di ohun ọrùn màmá mi.

Ní ilé ìwòsàn, Ẹnu-ò-sinmi kò lajú, kò mira. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, dókítà fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ojú rẹ̀, ojú kò dáhùn. Ó fa màmá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọpọlọ rẹ̀ ń wú sí i, mà. A ti ṣe gbogbo ohun tó wà ní ìkáwọ́ wa. Ẹ ránṣẹ́ pe àwọn ẹbí yín."

Akọ̀wé ni ìnagijẹ tèmi, nítorí kò sí ohun tí n kì í kọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti dé ilé ìwòsàn ni mo ti ń kọ gbogbo nǹkan sínú ìwé kan: bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, ìgbà tí wọ́n yí i padà, ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ omi tí wọ́n ń fà sí i lára. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé yẹn, n kò rí nǹkan kọ mọ́. Mo yọ káàdì Sista Alùpùpù nínú Bíbélì màmá mi, mo yọ́ lọ sí yàrá ìfọṣọ tó wà lẹ́yìn wọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá ń ké níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ mi.

N kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà ẹni tó ń bẹ̀rù. Ìjà ni mo bẹ̀rẹ̀.

"Sista, wọ́n ní ẹ máa ń gun alùpùpù lọ bá aláìsàn nínú òjò. Èyí ńkọ́? Àbí epo yín ti tán ni? Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín! Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?" Omi ojú ti bo àwòrán náà. "Èmi ni mo fún un ní kọ́kọ́rọ́! Kì í ṣe màmá mi. Èmi ni mo lé e lọ. Ẹ má jẹ́ kó kú nítorí tèmi. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run, ẹ lọ báyìí, ẹ má dúró wẹ̀yìn!"

N kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ti dákẹ́ lágbede méjì ọ̀rọ̀ mi. Obìnrin kan dìde lẹ́yìn òkìtì aṣọ ibùsùn, ìyá afọṣọ ni, ọṣẹ bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

"Bí o bá bú u tán," ló wí, "rántí dúpẹ́ o. Ẹni tí a bẹ̀ níṣẹ́ là ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo dúpẹ́, mo sì sá jáde pẹ̀lú ìtìjú.

Ní agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọwọ́ àbúrò mi wà nínú ọwọ́ mi. Ó fún ọwọ́ mi pọ̀. Mo rò pé àlá ni. Ó tún fún un, lẹ́ẹ̀mẹta. Nọ́ọ̀sì tan tọ́ọ̀ṣì, ojú rẹ̀ dáhùn sí iná. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú wákàtí rẹ̀. Alága kò tíì mọ̀ nípa èyí nígbà náà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló kó ogójì èèyàn jọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án sí Sista. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Ẹnu-ò-sinmi lajú, ó wò wá yíká, ó ní, "Ta ló mú bàtà mi?" Láti ìgbà náà ni kò ti dákẹ́, ṣùgbọ́n kò rántí nǹkan kan nípa ọjọ́ tó ṣubú. Wọ́n lu aago ṣọ́ọ̀ṣì títí okùn rẹ̀ fi já.

Ìtàn tí gbogbo èèyàn mọ̀ nìyẹn. Ogójì èèyàn ti fọwọ́ sí i. Bí mo bá tẹ̀lé wọn, inú gbogbo ayé á dùn, àṣírí kọ́kọ́rọ́ á sì wà níbi tó wà. Mo rò ó títí, kò sì sí ibi tí irọ́ náà ti dà bí irọ́ lójú mi. Ó jọ ojúrere.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ki ìwé náà bọ àpò.

Ilé bíṣọ́ọ̀bù ni ìwádìí ti wáyé, nínú yàrá kan tó ní tábìlì gígùn àti fáànù tó ń dún bí ẹni tí ń hanrun. Dókítà kan jókòó sí ìpẹ̀kun tábìlì, akọ̀wé kan mú gègé dání. Àárín ni fádà kan jókòó sí, ìgò ojú rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ dé orí imú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣiyèméjì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní iṣẹ́ ìyanu ṣẹlẹ̀, òun ni Ìjọ yàn láti wá ihò sí ọ̀rọ̀ náà lára, kí wọ́n má baà fi ìtara pe ohun tí kì í ṣe. Fádà Ṣé-lóòótọ́ ni àwọn ọmọ kíláàsì wa sọ ọ́.

Wọ́n ní kí n gbọ́wọ́ lé Ìwé Ìhìnrere. Mo búra pé òtítọ́ ni n ó sọ, gbogbo rẹ̀.

"Ìwé ilé ìwòsàn wà níwájú mi," ni fádà wí. "Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyípadà wà. Wọn ò sọ irú ìyípadà tó jẹ́. Ìwọ lo wà níbẹ̀. Kí lo rí?"

Ká ní mo ní n kò rántí mọ́ ni, ta ló máa mú mi? Mo rí ojú Alága, mo rí ogójì èèyàn. Mo yọ ìwé náà, mo ṣí ojú ewé rẹ̀ fún un.

Fádà kà á sókè, pẹ̀lú wákàtí rẹ̀. "Ìgbà wo ni àdúrà bẹ̀rẹ̀?"

"Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Fádà."

"A jẹ́ pé ara ọmọ ti ń yá ní nǹkan bíi wákàtí méjìlá kí wọ́n tó bẹ Sista. Ṣé lóòótọ́?"

"Lóòótọ́ ni, Fádà."

Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó nu ún. Inú rẹ̀ kò dùn, mo rí i. "O ṣeun, ọmọ mi. O lè máa lọ." Akọ̀wé dé gègé rẹ̀.

Mo dìde, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà. Mo ti sọ òtítọ́, àṣírí mi kò sì tú. Kí ni mo tún ń wá? Mo di ilẹ̀kùn mú, ó tutù, n kò sì lè ṣí i. Ìdajì ni mo sọ, gbogbo rẹ̀ ni mo búra fún.

"Fádà," mo yíjú padà, "ẹnì kan bẹ Sista lọ́jọ́ Ajé."

"Ta ni?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ohun tí mo bá a sọ kí màmá mi tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ó wo aago ara ògiri. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá," ló wí.

Màmá mi àti Alága jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dúró níwájú wọn. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la ó fi sọ ọ́.

"Màmá, ẹ ò gbàgbé kọ́kọ́rọ́. Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn. Èmi ni mo já kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó, mo fún un, mo ní kó lọ bá ẹyẹlé sọ̀rọ̀. Mo purọ́ fún yín."

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ọrùn. "Tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Ọdún méjì," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ọdún méjì ni mo fi ń jí lójoojúmọ́, tí mo ń sọ fún ara mi pé ọwọ́ mi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pa ọmọ mi."

Ó dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Nígbà náà ni mo tó mọ ohun tí irọ́ mi ṣe. Mo ti rò pé mo kàn fi nǹkan pa mọ́ ni. N kò mọ̀ pé mo gbé ẹrù mi ka màmá mi lórí, mo sì ń wò ó bó ṣe ń rù ú kiri. Mo sunkún débi pé n kò rí i nígbà tó padà wá. Ó bọ́ okùn náà lọ́rùn, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

"Inú ń bí mi," ló wí. "Yóò ṣì máa bí mi fún ìgbà díẹ̀, má tan ara rẹ. Ṣùgbọ́n ọrùn mi fúyẹ́. Kí lo bá Sista sọ?"

Mo sọ ọ́ fún un, àti epo alùpùpù, àti ẹ má dúró wẹ̀yìn. Alága la ẹnu sílẹ̀.

"Ogójì èèyàn!" ló ké. "Ogójì èèyàn la kó jọ, a wẹ̀, a múra, a tan àbẹ́là! Ó wá jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ ọmọ tó bú u ló ti gbà kí a tó débẹ̀?" Ó wòkè, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo sì rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. "Ó jọ ọ́! Ó jọ Sista gan-an! Kò fẹ́ràn àdúrà gígùn rí. Wọlé lọ, ọmọ mi. Lọ sọ ọ́ tán. Èmi ni mo fẹ́ kọ́ ọ ní ohun tí kò dáa, dárí jì mí."

Mo wọlé, mo sọ gbogbo rẹ̀. Akọ̀wé ṣí gègé rẹ̀, kò sì dé e mọ́ títí tí ọ̀sán fi pọ́n.

"Ta ló gbọ́ ọ?" ni fádà bi mí.

"Ìyá afọṣọ, Fádà."

Wọ́n ránṣẹ́ pè é lọ́jọ́ kejì. Kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, kò sì mọ ẹni mímọ́ kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tó bá wọn sọ fún wa lẹ́yìn náà. Wọ́n bi í bó ṣe dá a lójú pé ọjọ́ Ajé ni. "Ọjọ́ Ajé nìkan ni mo ń fọ aṣọ ibùsùn wọ́ọ̀dù ọmọdé," ló dáhùn. "Láti ọdún mọ́kàndínlógún ni. Mo gbọ́ ọmọ kan tó ń bá àwòrán jà nítorí àbúrò rẹ̀. Ẹ lè má gbà mí gbọ́ lórí nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n mo mọ aṣọ, mo sì mọ ẹkún." Dókítà tó tọ́jú Ẹnu-ò-sinmi náà jẹ́rìí pé kò sí oògùn tí òun lò tó lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sán sí òwúrọ̀.

Ní ọjọ́ tí ìwádìí parí, Fádà Ṣé-lóòótọ́ pè mí.

"Àwọn dókítà ní Róòmù máa ka gbogbo ìwé yìí," ló wí. "Bí o bá tẹ̀lé ìtàn ogójì èèyàn ni, wọ́n á rí àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nínú ìwé ilé ìwòsàn, wọ́n á sì jù ú nù. Bí o bá dúró sí ìdajì, èmi fúnra mi ni mo máa pa á dé."

"Fádà, ṣé Sista ló wò ó sàn?"

"Rárá o. Ọlọ́run ló ń wo èèyàn sàn. Sista kàn bá ọ dé ẹnu ọ̀nà, ó bá ọ kan ilẹ̀kùn ni." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rí lẹ́nu rẹ̀. "O sì ti sọ fún un pé kó má pẹ́."

Ọdún mẹ́ta kọjá kí ìwé tó ti Róòmù dé. Wọ́n gba iṣẹ́ ìyanu náà wọlé. Wọ́n á kéde Sista Alùpùpù ní Alábùkún, ìpele tó kángun sí ti ẹni mímọ́.

Pápá ìṣeré ńlá ni wọ́n lò, kò sì gba èrò. Àwọn nọ́ọ̀sì gun alùpùpù wọlé ní ìlà méjì méjì, ọgọ́rùn-ún lé ní ogún, pẹ̀lú aṣọ funfun àti akoto. Ìyá afọṣọ jókòó ní ìlà iwájú, ó ń wo aṣọ pẹpẹ bóyá wọ́n fọ̀ ọ́ dáadáa. Mo ti kẹ̀kẹ́ Alága dé ibi tó ti lè rí gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Màmá mi ló rán aṣọ ńlá tó bo àwòrán Sista. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣí i, bíṣọ́ọ̀bù gbọ́wọ́ sókè, gbogbo pápá dákẹ́ rọ́rọ́. Aṣọ já wálẹ̀.

"Ẹ wo akoto rẹ̀!" ni ohùn kan ké láàárín ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà. "Ẹ wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín! Bùọ̀dá, ẹ sún díẹ̀, mi ò rí ẹsẹ̀ alùpùpù!"

Ẹnu-ò-sinmi ni, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó dúró lórí àga. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín, àwọn nọ́ọ̀sì tẹ fèrè alùpùpù wọn lẹ́ẹ̀kan náà, aago bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Alága di ọwọ́ mi mú. "Mo rí i," ló ń wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ọmọ mi, ojú mi rí i!"

Kọ́kọ́rọ́ òkè òrùlé ti padà sára ìṣó rẹ̀ nílé. Màmá mi ló ní kí n fi ọwọ́ mi gbé e kọ́ ọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Ẹ má sì fi ìdajì òtítọ́ tan ara yín, nítorí ìdajì tí ẹ bá fi pa mọ́, ẹlòmíràn ni yóò máa rù ú. Ẹ sọ ọ́ tán. Ó lè dójú tì yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ọrùn tí yóò fúyẹ́ nítorí rẹ̀.

Ní pápá lọ́jọ́ náà, màmá mi tẹsẹ̀ mọ́rìn, ó fẹ́ lọ pa Ẹnu-ò-sinmi lẹ́nu mọ́. Mo dì í mú.

"Ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀, mà," ni mo wí. "Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn."